Ìran

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni, ní Ìyànà-Ìbà, lójú ọ̀nà tó ti Èkó lọ sí Àgbádárìgì. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ti dé, ọkọ̀ kò lọ, ọkọ̀ kò bọ̀. Fèrè ń dún lọ́tùn-ún lósì, àwọn kọ̀ndọ́kítọ̀ ń pe Òkókómaíkò, Ìjànikin, Àgbárá, títí ohùn wọn fi há. Nínú dáńfó tí mo wọ̀, ẹni méjì tó fara kan ara wọn lórí ìjókòó ní láti pariwo kí wọ́n tó gbọ́ra. Ọmọkùnrin kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ náà wà nínú dáńfó mìíràn lódìkejì ọ̀nà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Tibí sọ, tọ̀hún fèsì, tibí bú sẹ́rìn-ín. Nínú gbogbo èrò tó há sójú títì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, àwọn méjèèjì nìkan ni ọ̀rọ̀ ara wọn yé yékéyéké.

Kò pẹ́ tí gbogbo ọkọ̀ fi kọjú sí wọn. Àwọn kan ń tọ́ka. Ẹnì kan gbé fóònù sókè, ó ń ya wọ́n ní fídíò. Ìyá àgbà kan tó gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja lé itan ló fohùn sí i: “Ẹ gbójú kúrò lára ọmọ ọlọ́mọ jàre! Ṣé ìran ló ń ṣe fún yín ni?”

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí ni mo gbé délé, n kò sì tíì sọ ọ́ kalẹ̀ láti ọjọ́ náà. Kí ló ń jẹ́ ìran?

Ìran ni ohun tí ojú rí tó dá ẹsẹ̀ dúró. Ẹni tó dúró wò ó, ó ń wo ìran. Ọ̀rọ̀ méjèèjì wọnú ara wọn, ó di wòran. Ẹni tó ń wòran ni òǹwòran, ibi tí a ti ń wò ó ni gbọ̀ngàn ìwòran. Wòlíì tó ń rí ohun tí ẹlòmíràn kò rí, aríran ni. Ojú ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí gùn lẹ́ṣin. Gẹ̀ẹ́sì kò rí bẹ́ẹ̀: audience ni wọ́n ń pe àwọn èrò tó wá síbi eré, inú èdè Látìn ni wọ́n ti mú un, “gbọ́” sì ni gbòǹgbò rẹ̀. Ẹni tó sọ wọ́n lórúkọ náà gbà pé etí ni èèyàn ń gbé lọ síbi eré. Tíátà gan-an yàtọ̀. Ìyẹn ti èdè Gíríìkì wá, ibi ìwòran ló sì túmọ̀ sí. Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ àti àwọn baba wa ronú bákan náà lórí èyí.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan gbè é lẹ́sẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1826, Hugh Clapperton, arìnrìn-àjò ọmọ ilẹ̀ Scotland, wà ní Ọ̀yọ́ Ilé, nígbà tí àwọn eégún apidán ṣeré láàfin. Clapperton kò gbọ́ Yorùbá. Orin tí wọ́n ń kọ láàrin eré kò lè yé e. Síbẹ̀, ohun tó kọ sínú ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ kún rẹ́rẹ́: ó rí àwọn tó ń jó nínú àpò, ó rí erè ńlá, ó sì rí òyìnbó kan tí wọ́n fi eégún gbé jáde, tó ń fa áṣáà símú, tó ń fọwọ́ ra ọwọ́, tó ń tẹlẹ̀ bí ẹni tí kò fi ẹsẹ̀ lásán rìn rí. Ó mọ̀ dájú pé irú òun ni wọ́n ń sín jẹ. Ní ọjọ́ náà, Clapperton jókòó síbẹ̀ bí adití ṣe ń jókòó síbi eré, eré náà kò sì fi í sílẹ̀ síta. Ojú rẹ̀ gbé e wọlé. Alárìnjó ni a ń pe irú òṣèré bẹ́ẹ̀: ẹni tó ń rìn, tó ń jó. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, wọn kò mẹ́nu ba ẹnu. Títí di òní, tí eégún Zangbétò bá ń yí bí òkòtó lọ́nà Àgbádárìgì, tí wọ́n wá dojú rẹ̀ délẹ̀ kí ayé rí i pé kò sí èèyàn nínú rẹ̀, ta ló nílò etí kó tó yà á lẹ́nu?

Bí ọ̀rọ̀ ìran bá ṣílẹ̀kùn tó báyìí fún adití, kí ló wá tì í mọ́ wọn?

Mo fura sí ọ̀rọ̀ kejì, gbọ́. A ń bi àlejò pé, “Ṣé o gbọ́ Yorùbá?” Ohun tí a ń bèèrè ni bóyá èdè náà yé e, ṣùgbọ́n etí ni a fi bèèrè. Ọmọ tó gbọ́ràn ni ọmọ dáadáa. Nítorí náà, tí etí ẹnì kan bá dí, tí a wá pè é ní adití, a tètè máa ń rò pé òye rẹ̀ náà ti dí. A tún so odi mọ́ ọn, bí ẹni pé ẹni tí kò gbọ́ kò ní ohun tó fẹ́ sọ. Àwọn ọmọ Ìyànà-Ìbà méjì yẹn, adití ni wọ́n. Ẹni tó bá pè wọ́n ní odi kò fi ojú rẹ̀ wo ọwọ́ wọn.

Bẹ́ẹ̀ gbọ́ kò fìgbà kankan jẹ́ ti etí nìkan nínú èdè wa. A ń gbọ́ òórùn ọbẹ̀, imú la fi ń gbọ́ ọ. Bí imú bá ń gbọ́, ta ló sọ pé ojú kò lè gbọ́? Àwọn àgbà ti parí ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́: ojú lọ̀rọ̀ wà. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kan níwájú àlejò, tó dá ẹran padà sínú àwo, mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àní a ní òfin fún ọwọ́ tó ń sọ̀rọ̀. A kì í fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ẹni.

Ó yẹ kí n dá orúkọ kan sọ níbí, nítorí ó dùn mọ́ni létí, ó sì tún ń dùn mí. Ẹni òòṣà ni àwọn baba wa ń pe àwọn tí ara wọn yàtọ̀. Ìtàn náà kò ṣàjèjì: Ọbàtálá mu ẹmu níbi tó ti ń mọ ènìyàn, ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀, ó sì gba gbogbo àwọn tó mọ lọ́jọ́ náà sábẹ́ ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn olùsìn rẹ̀ kì í fi í mu ẹmu, tí a sì ń kìlọ̀ fọ́mọdé pé kò gbọ́dọ̀ fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ọ̀wọ̀ ńlá ni. Ṣùgbọ́n ẹ tún un gbọ́: ẹni òòṣà, ẹni tí òòṣà ni. Orúkọ náà ń dáàbò bò wọ́n, kò sì fún wọn ní ohun tí àwọn fúnra wọn ni.

Ohun tí ìyá ẹlẹ́ja yẹn ń bínú sí gan-an ni ìran àpéwò: ohun tí èèyàn pé lé lórí, tí wọ́n ń wò, láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Arọ tó ń wọ́ lọ lábẹ́ afárá, àfín tó wọ ọjà, adití tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ nínú ọkọ̀, gbogbo wọn mọ ojú yẹn. Ti òṣèré kò rí bẹ́ẹ̀. Òṣèré náà ń fi ara rẹ̀ hàn, a pé lé e lórí, a ń wò ó. Ṣùgbọ́n òun ló pè wá. Òun ló mọ ìgbà tí ìran bẹ̀rẹ̀, òun ló mọ ìgbà tí yóò parí. Lójú tèmi, gbogbo ìtàn iṣẹ́ ọnà àwọn tí ara wọn yàtọ̀, káàkiri ayé, kò ju ìrìn-àjò yìí lọ: láti inú ìran àpéwò bọ́ sínú ìran tí wọ́n jẹ́ olówó rẹ̀.

Afọ́jú ti rin díẹ̀ nínú ọ̀nà náà láàrin wa, nítorí pé etí wa wà fún un. Benjamin Adérounmú, ọmọ Ọ̀wọ̀ tí gbogbo Èkó mọ̀ sí Kòkòrò, fi sáḿbà àti ohùn rẹ̀ rin ìgboro Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún; òǹkọ̀wé Cyprian Ekwensi sì ti ara ìtàn rẹ̀ kọ ìwé Drummer Boy. Adití kò rí irú ààyè bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ọdún 1967 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèré adití tí wọ́n ń pè ní National Theatre of the Deaf sílẹ̀, ní Eugene O’Neill Theater Center tó wà ní Waterford, ìpínlẹ̀ Connecticut. Àwọn adití ń fọwọ́ ṣeré, àwọn òṣèré díẹ̀ tó ń gbọ́ràn sì ń fi ẹnu gbé e, kí èrò méjèèjì lè jọ wò ó. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní 1970, ibùdó kan náà ni Wọlé Ṣóyínká àti àwọn òṣèré Yunifásítì Ìbàdàn ti kọ́kọ́ ṣe Madmen and Specialists. Ẹni tó bá ti ka eré náà á rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀: àwọn alágbe mẹ́rin tí ogun ti ba ara wọn jẹ́, afọ́jú wà nínú wọn, arọ wà nínú wọn, wọ́n ń ta tẹ́tẹ́, ẹ̀yà ara wọn sì ni wọ́n fi ń ta á. Eré ńlá ni, n kò lè bu ọlá rẹ̀ kù. Síbẹ̀, mi ò lè gbàgbé pé lórí ilẹ̀ kan náà, àwọn kan ń fi ara wọn gan-an ṣe ìran tiwọn, nígbà tí àwa ṣì ń fi ara ẹlòmíràn ṣe àpèjúwe ohun tó bàjẹ́ láyé.

Ọdún méjìlélógójì kọjá kí ọ̀nà tó tún pàdé. Ní 2012, ilé eré Globe ní Lọ́ńdọ̀nù ṣe àjọ̀dún kan tí wọ́n ti ṣe eré Shakespeare 37 ní èdè 37. Ní oṣù Karùn-ún, ẹgbẹ́ Renegade Theatre láti Èkó, tí Wọlé Ògúntókun darí, gbé The Winter’s Tale lọ ní èdè Yorùbá, wọ́n sọ ọ́ ní Ìtàn Ògìnìntìn, wọ́n fi Ṣàngó, Ọya àti Ògún rọ́pò àwọn ọba àti ayaba inú rẹ̀. Ní oṣù kan náà, lórí pèpéle kan náà, ẹgbẹ́ adití Deafinitely Theatre ṣe Love’s Labour’s Lost ní èdè ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nínú 37 yẹn, èdè Yorùbá jẹ́ ọ̀kan, èdè ọwọ́ jẹ́ ọ̀kan. Kò sí èyí tí wọ́n fi ṣe àmúlùmálà èkejì. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀, ní 2022, ni òfin Ilé-ìgbìmọ̀ aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì tó wá kéde èdè ọwọ́ náà ní èdè. Pèpéle ti ṣáájú òfin débẹ̀.

Ìran mìíràn tún wà o, tí ohùn rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́: ìran ti ìdílé, ìran Àwórì, ìrandíran. Onímọ̀ èdè lè sọ pé kí n má pa méjèèjì pọ̀, n kò sì ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n inú èdè àwọn adití ni wọ́n ti pàdé. Púpọ̀ jù lọ nínú àwọn adití, òbí tó ń gbọ́ràn ló bí wọn. Èdè ọwọ́ kì í sábà bá ọmú wọnú wọn. Ọ̀dọ̀ adití tó dàgbà jù wọ́n lọ ni wọ́n ti ń rí i, wọ́n á wò ó títí yóò fi di tiwọn. Ìran tí ojú wò ló ń di ìran tí a jogún. Ìdí nìyí tí ìpàdé àwọn olùkọ́ adití ní Milan ní 1880 fi ṣe wọ́n léṣe tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí wọ́n dìbò pé kí wọ́n lé èdè ọwọ́ kúrò nílé-ìwé. Ẹ̀ka ìdílé ni wọ́n gé.

Ẹni tó tún un gbìn sílẹ̀ wa, adití ni òun náà. Wọ́n bí Andrew Foster ní Alabama ní 1925. Ó di adití lọ́mọ ọdún 11, lẹ́yìn àìsàn yírùnyírùn. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní Gallaudet, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn adití nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ní 1954. Ó dá ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ ní Accra ní 1957, ó dé Ìbàdàn ní 1960, ilé-ẹ̀kọ́ tó dá sílẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà sì lé ní 30 kí jàm̀bá ọkọ̀ òfuurufú tó pa á ní Rwanda ní oṣù Kejìlá 1987. Ọmọ ọmọ Foster ni gbogbo adití tó ń fọwọ́ sọ èdè ilé-ìwé láàrin wa lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò bí wọn.

Orúkọ tí mo ń rí nígbàkígbà tí mo bá kọjá ní Ìjànikin, kó tó di pé wọ́n sọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga tó wà níbẹ̀ di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Ìpínlẹ̀ Èkó ní 2022, ni ti Adéníran Ògúnsànyà. Adé ní ìran. Ibẹ̀ ni a ti ń tọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Ní Ọ̀jọ́, ní LASU, Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, a ń kọ́ àwọn ọmọ ní tíátà. Síwájú lójú ọ̀nà kan náà, ní Àjàrá ní Àgbádárìgì, abúlé odindi kan wà tí akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ gbé láti kọ́ èdè Faransé. Èdè àwọn ọmọ Ìyànà-Ìbà ńkọ́?

Ẹ̀yin olùkọ́ tíátà tó wà lójú ọ̀nà yìí, ẹ̀bẹ̀ mi kò pọ̀. Tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe eré, ẹ wá adití kan, ẹ fún un ní ipa tirẹ̀, kì í ṣe ipa alágbe. Ẹ má fi ògbufọ̀ èdè ọwọ́ sí igun òkùnkùn. Ẹ jẹ́ kí iná mọ́ sí ọwọ́ rẹ̀, kí aṣọ rẹ̀ má sì papọ̀ mọ́ àwọ̀ ara rẹ̀. Ẹ kọ́ àwọn òṣèré yòókù kí wọ́n má kẹ̀yìn sí èrò tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ẹ gbé ìlù sórí pákó pèpéle, ẹsẹ̀ adití á gbọ́ ọ. Tí eré bá sì parí, ẹ sọ fún gbogbo òǹwòran kí wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí wọ́n máa jù ú bí ewé inú afẹ́fẹ́. Àtẹ́wọ́ àwọn adití nìyẹn.