Ọmọ Àgbàtọ́ Nílẹ̀ Kétu, Láyé Àtijọ́ àti Nísinsìnyí

Ọ̀rọ̀ ọmọ la fẹ́ sọ. Kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí agbo ilé kan ní Kétu tí kò gba ọmọ ẹlòmíràn tọ́ rí, tàbí tí kò fi ọmọ tirẹ̀ fún ẹlòmíràn tọ́. Àwọn àgbà wa ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í tọ́ ọ. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á wo bí nǹkan náà ṣe rí tẹ́lẹ̀, àti ibi tó ti yí padà.

Ẹ rántí ogun Dàhòmì. Ní 1886, wọ́n fọ́ Kétu, wọ́n kó ọkùnrin, obìnrin àti ọmọdé lọ sí Àbọ̀mẹ̀. Ìlú wa di ahoro. Ìgbà tí Faransé ṣẹ́gun Àbọ̀mẹ̀ ní 1892 ni ọ̀nà ṣí fún àwọn ènìyàn wa láti padà, ní 1894 a tún ní Alákétu. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó lọ ló padà. Ọmọ tí kò rí bàbá, tí kò rí ìyá, ta ni yóò tọ́ ọ bí kì í ṣe ẹbí?

Kì í ṣe ọmọ òrukàn nìkan ni à ń gbà tọ́. Ìyá àgbà tó dá wà nílé a máa gba ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan, kó lè máa pọn omi fún un. Obìnrin tí kò bí, wọ́n á fi ọmọ àbúrò rẹ̀ fún un. Ọmọkùnrin a máa lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ láti kọ́ṣẹ́. Ọmọ náà ń ṣiṣẹ́, kí á má parọ́. Wọ́n sì ń nà án nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà, ìyá rẹ̀ yóò yà wò ó. Bí ó bá rù, yóò rí i. Bí egbò bá wà lára rẹ̀, yóò bèèrè. Ẹni tó gbà á tọ́ mọ̀ pé ojú ń wo òun. Lójú tèmi, ojú yìí dáàbò bo ọmọ ju inú rere lọ.

Ẹ má da èyí pọ̀ mọ́ ìwọ̀fà o. Ìwọ̀fà ni ẹni tí a fi sọ́dọ̀ olówó nítorí gbèsè. Iṣẹ́ rẹ̀ ni èlé owó náà, ọjọ́ tí a bá san gbèsè tán ni yóò bọ́. A máa ń fi ọmọdé pẹ̀lú ṣe ìwọ̀fà. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dùn fún gbogbo ọmọ.

Ní 1889, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ wa: Ìmẹ̀kọ bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì, Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé. Ẹbí kò pín ní tirẹ̀, ọmọ sì ń kọjá ààlà. Lẹ́yìn náà ni Kútọ̀nú àti Èkó di ìlú ńlá, àwọn oníṣòwò ibẹ̀ sì ń wá ọmọdé tí yóò kiri ọjà, tí yóò gbálẹ̀. Alágbàtà wá wọ àárín. Kì í ṣe ẹbí. Ó ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí yóò lo ọmọ, ó ń fún bàbá ní díẹ̀. Àwọn Fọ̀n ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní vidomègon, ìyẹn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ ẹnìkan. Orúkọ náà kò burú rárá. Ọmọ àgbàtọ́ bíi tiwa ni. Ọjọ́ ọjà tí ìyá ń yà wò ó ló sọnù.

Ní oṣù kẹrin 2001, gbogbo ayé gbọ́ nípa ọkọ̀ ojú omi Etireno, tó gbéra ní Kútọ̀nú pẹ̀lú àwọn ọmọdé nínú. Gabon kò gbà á, Cameroon kò gbà á, ó sì padà sí Kútọ̀nú. Ní 2003, wọ́n kó àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tó ju 100 lọ jáde níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní agbègbè Abẹ́òkúta. Púpọ̀ nínú wọn wá láti agbègbè Zakpota, nítòsí Àbọ̀mẹ̀. Abẹ́òkúta kò jìnnà sí wa níhìn-ín.

Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ yìí ní 2005. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin 2006, òfin jáde pé a kò gbọ́dọ̀ mú ọmọ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ lọ sí ibòmíràn láìgba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Ẹni tó bá ta ọmọ lè lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 10 sí 20. Òfin ọmọdé mìíràn tún jáde ní 2015. Òfin dára. Ṣùgbọ́n ìwé kò lè yà wo ọmọ. Ọmọ tí kò ní ìwé ìbí ńkọ́, ta ni yóò mọ ọjọ́ orí rẹ̀? Bí ọlọ́pàá bá gba ọmọ sílẹ̀, níbo ni yóò sùn? Púpọ̀ nínú àwọn ilé tó ń gba irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jẹ́ ti ìjọ àti ẹgbẹ́ aláàánú. Bí wọ́n bá sì dá a padà sí ilé tí ebi ti lé e jáde, ebi náà ṣì jókòó síbẹ̀ ń dúró dè é. Ìdílé tó bá fẹ́ gbà á fún oṣù mélòó kan, ta ni yóò ràn án lọ́wọ́ lórí oúnjẹ?

Bí ẹnìkan bá wá bá yín pé òun yóò fi ọmọ yín sí ilé ìwé ní Kútọ̀nú, ẹ bi í ní orúkọ ilé ìwé náà. Láti 2006 ni ìjọba kò ti gba owó ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ mọ́, ní Kétu níhìn-ín pẹ̀lú. Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ kọ orúkọ rẹ̀, àdúgbò rẹ̀ àti nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sílẹ̀ níṣojú rẹ̀, kí ẹ sì pè é kí fóònù rẹ̀ dún kó tó dìde. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ tó gbéra, ẹ yọ owó mọ́tò àlọ àti àbọ̀ sọ́tọ̀, èyí tí ẹ óò fi lọ wò ó kí oṣù mẹ́ta tó pé.