Orúkọ Tó Fara Pamọ́

Ìwé kan wà nínú Bíbélì tí ẹ kò ní í rí orúkọ Ọlọ́run nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kó ka ìwé Ẹ́sítérì ní èdè Hébérù. Yóò rí ọba Páṣíà, yóò rí Hámánì tó fẹ́ pa gbogbo Júù run, ṣùgbọ́n kò ní í rí Ọlọ́run.

Àwọn ọ̀mọ̀wé Júù kan ní Ọlọ́run wà níbẹ̀, ó fara pamọ́ ni. Ní orí 5, ẹsẹ 4, níbi tí Ẹ́sítérì ti pe ọba àti Hámánì wá síbi àsè, ẹ mú lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé ara wọn: Y, H, W, H. Orúkọ náà gan-an nìyẹn!

Ó lè jẹ́ pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni, torí àwọn lẹ́tà yìí wọ́pọ̀ nínú èdè Hébérù. Èmi ò ní í bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn. Ohun tó jọ mí lójú ni pé orúkọ yìí wà nínú Bíbélì Hébérù ju ìgbà 6,000 lọ, síbẹ̀ ibẹ̀ náà ló ti fara pamọ́.

Ọ̀wọ̀ ló fà á. Bí ọmọ kì í ti í pe bàbá rẹ̀ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn Júù ń ka “Adonai”, ìyẹn “Olúwa”, dípò rẹ̀. Nínú àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rí ní Qumran ní 1947, àwọn ibì kan wà tó jẹ́ àmì tótótó mẹ́rin ni akọ̀wé fi rọ́pò rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, wọn kì í kọ fáwẹ̀lì. Nígbà tí àwọn akọ̀wé wá fẹ́ fi àmì fáwẹ̀lì sí i, ti “Adonai” ni wọ́n fi sí i lára, kí òǹkàwé má baà ṣèèṣì pè é. Àwọn Kristẹni Yúróòpù ka méjèèjì pọ̀. Bí “Jèhófà” ṣe jáde nìyẹn.

Nínú Bíbélì Yorùbá tiwa, tó pé lódindi ní 1884, OLÚWA tí wọ́n fi lẹ́tà ńlá kọ la sábà máa ń rí níbẹ̀. A sì ń kà á kọjá!

Nítorí náà, bí ẹ bá rí àwọn tó ń jà lórí “Jèhófà” àti “Yáwè”, ẹ ní kí wọ́n rọra. Àwọn tó ni orúkọ náà ló fi ọ̀wọ̀ pa á mọ́, títí pípè rẹ̀ fi sọ nù mọ́ wọn lọ́wọ́.