Ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó

Ẹ̀tọ́ sí àkọsílẹ̀ ìjọba ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó ni àṣẹ tí òfin fún aráàlú láti bèèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ tí í ṣe olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà, ní ìlú Oǹdó àti ní àwọn ìlú yòókù, kí ó sì gba ẹ̀dà rẹ̀. Orí Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ sí FOI, ni ẹ̀tọ́ yìí dúró lé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àríyànjiyàn fi wà lórí bóyá òfin tí wọ́n ṣe ní Abuja lè de ìjọba ìpínlẹ̀. Ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn ẹjọ́ tó dá lé ọ̀rọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ ní Àkúrẹ́.

Ìtàn

Kí òfin yìí tó dé, Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1962 ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ń tẹ̀ lé. Ìwé tí ìjọba bá pè ní àṣírí, ẹ̀wọ̀n lè wà fún òṣìṣẹ́ tó bá jẹ́ kó jáde. Abala 39 nínú Ìwé Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 fún olúkúlùkù ní òmìnira láti sọ èrò ọkàn rẹ̀, láti gba ìròyìn àti láti tan án ká, ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀nà tí aráàlú yóò gbà rí ìwé tó wà nínú àpótí ìjọba.

Ọdún 1999 ni àbá òfin náà kọ́kọ́ dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀. Ààrẹ Olusegun Obasanjo kọ̀ láti fọwọ́ sí i ní ọdún 2007. Ààrẹ Goodluck Jonathan ni ó buwọ́ lù ú ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 2011. Liberia ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní ọdún 2010. Ní ilẹ̀ Sweden, ó ti wà láti ọdún 1766.

Ohun tí òfin náà sọ

Abala kìíní ni ó lágbára jù. Ó sọ pé ẹni tó bèèrè kò ní láti ṣàlàyé ohun tó fẹ́ fi ìwé náà ṣe, kò sì ní láti fi hàn pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Ilé-iṣẹ́ ìjọba gbọ́dọ̀ fèsì láàárín ọjọ́ méje. Ó lè fi ọjọ́ méje mìíràn kún un bí ìwé náà bá pọ̀ tàbí bí ó bá ní láti bá àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn sọ̀rọ̀. Owó ẹ̀dà ṣíṣe àti àdàkọ nìkan ni ó lè gbà.

Ẹni tí kò mọ̀wé kò sí lẹ́yìn. Ó lè rán ẹlòmíràn, ó sì lè fi ẹnu bèèrè lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ náà wà níkàáwọ́ rẹ̀, kí òṣìṣẹ́ náà kọ ọ́ sílẹ̀ fún un. Èyí ṣe pàtàkì ní àwùjọ tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ti ń sọ Yorùbá, tí gbogbo ìwé ìjọba sì wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Àwọn ìwé kan wà tí ìjọba lè fi pamọ́, bí ọ̀rọ̀ ààbò orílẹ̀-èdè, ìwádìí ọ̀daràn tó ń lọ lọ́wọ́, àti ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ẹnìkan. Bí ilé-ẹjọ́ bá rí i pé kíkọ̀ náà kò tọ̀nà, owó ìtanràn 500,000 náírà wà. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ ba ìwé jẹ́ tàbí tó yí i padà lẹ́yìn tí wọ́n ti bèèrè rẹ̀ lè fi ẹ̀wọ̀n jura, kò sì ní dín ní ọdún kan.

Ẹjọ́ Àkúrẹ́

Akọ̀ròyìn kan, Martins Alo, bèèrè ìwé àyẹ̀wò owó ìjọba Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Abẹnugan Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin ìpínlẹ̀ náà àti Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà ni ó pè lẹ́jọ́. Ìwé tó bèèrè kì í ṣe àṣírí: abala 125 nínú Ìwé Òfin ti pàṣẹ pé kí Ayẹ̀wé-owó-wò Àgbà ìpínlẹ̀ gbé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ lọ síwájú àwọn aṣòfin láàárín 90 ọjọ́ lẹ́yìn tí ìwé ìṣirò owó bá ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Síbẹ̀, Ilé-ẹjọ́ Gíga ìpínlẹ̀ náà kò dá a láre, nítorí ó gbà pé òfin FOI kò kan Ìpínlẹ̀ Oǹdó.

Ọ̀rọ̀ náà dé Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn tó wà ní Àkúrẹ́. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, ilé-ẹjọ́ náà yí ìdájọ́ yẹn padà, ó ní òfin náà de gbogbo ìpínlẹ̀.

Kókó àríyànjiyàn náà ni pé Ìwé Òfin gba àwọn aṣòfin àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ láàyè láti ṣòfin lórí àkọsílẹ̀ ìjọba. Àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan wá ń sọ pé, títí tí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò fi ṣe tirẹ̀, òfin Abuja kò kàn wọ́n. Ekiti, tó pààlà pẹ̀lú Oǹdó, ṣe tirẹ̀ ní ọdún 2011 kan náà. Ìdájọ́ àwọn ẹ̀ka Ilé-ẹjọ́ Kòtẹ́milọ́rùn mìíràn sì tako ti Àkúrẹ́, débi pé ibi tí ènìyàn ń gbé ni ó ń sọ ẹ̀tọ́ tó ní.

Àpẹẹrẹ ìlú Oǹdó

Ìlú Oǹdó fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí hàn kedere. Yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ tí a fi orúkọ Adéyẹmí pè jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Ti ìmọ̀ ìṣègùn tí a mọ̀ sí UNIMED jẹ́ ti ìpínlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá béèrè bí wọ́n ṣe ná owó ní èyí àkọ́kọ́ ní òfin lẹ́yìn láìsí iyàn. Ẹni tó bá béèrè irú ìbéèrè kan náà ní ìkejì, nínú ìlú kan náà, lè gbọ́ pé òfin yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìjọba ìbílẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn Oǹdó.

Ìdájọ́ ọdún 2025

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2025, Ilé-ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ fòpin sí iyàn náà nínú ẹjọ́ kan tó wá láti Ìpínlẹ̀ Edo, níbi tí àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti bèèrè àkọsílẹ̀ ìnáwó lọ́wọ́ àjọ tó ń gbógun ti àrùn éèdì. Ó ní òfin náà de ìjọba àpapọ̀, ìpínlẹ̀ àti ìbílẹ̀. Ìdájọ́ yìí wà ní ìbámu pẹ̀lú èyí tí wọ́n ti dá ní Àkúrẹ́ ní ọdún méje ṣáájú.

Àwọn ìdíwọ́ tó ṣẹ́ kù

Òfin Àṣírí Ìjọba ṣì wà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin 2011 sọ pé ọ̀rọ̀ àṣírí nìkan kò tó láti fi ìwé du aráàlú. Rírí ìwé gbà yàtọ̀ sí sísọ ohun tó wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì ti ọdún 2015 ni wọ́n ti fi mú àwọn akọ̀ròyìn. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS ní abala náà tako ẹ̀tọ́ sísọ èrò ọkàn, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2024. Ẹni tí ilé-iṣẹ́ ìjọba bá kọ̀ fún ní 30 ọjọ́ láti gba ilé-ẹjọ́ lọ.