Ṣọ́ọ̀kì Iwájú Alùpùpù Olówó Pọ́ọ́kú: Ibi Tó Ti Bẹ̀rẹ̀ àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Àwọn alùpùpù àkọ́kọ́ kò ní ṣọ́ọ̀kì kankan níwájú. Irin tí wọ́n fi ń gbá táyà kẹ̀kẹ́ ológeere mú, ìyẹn fọ́ọ̀kì, náà ni wọ́n gbé sí i, gbogbo gegele ojú ọ̀nà sì ń bá ẹni tó ń gùn ún dé èjìká. Nígbà tó yá, wọ́n fi àwọn apá irin kéékèèké so fọ́ọ̀kì mọ́ ara alùpùpù, wọ́n ki sípíríǹgì sí àárín wọn. Irú èyí ló gbòde ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di àwọn ọdún 1930, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwọ̀nba díẹ̀ ni táyà fi lè lọ sókè sódò lórí rẹ̀.

Alfred Angas Scott, ọmọ ìlú Bradford, ti fi ọ̀nà mìíràn hàn láti 1908. Alùpùpù tó gbé jáde ní páìpù lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà iwájú, lọ́tùn-ún àti lósì, tí ọ̀kan ń wọ inú èkejì lọ bí táyà bá gun òkè. Àmọ́ sípíríǹgì nìkan kì í mọ ìgbà tó yẹ kó dákẹ́. Bó bá fún tán, á tú, á tún fún, alùpùpù á sì máa jó lórí títì. Ọ́ìlì ló ń mú un dákẹ́. Ilé iṣẹ́ BMW ní Jámánì ló kọ́kọ́ fi fọ́ọ̀kì onípáìpù tí ọ́ìlì ń ṣàkóso sí ara alùpùpù tí wọ́n ń tà fún aráàlú, ìyẹn R12 àti R17 ti 1935. Ní 1939, eléré ìje kan tó ń jẹ́ Georg Meier fi BMW tó ní irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ gba ipò kìíní nínú eré Senior TT ní erékùṣù Isle of Man. Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ lọ́dún náà, nígbà tó sì di 1941, ilé iṣẹ́ Matchless ti ń ṣe irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ sí alùpùpù G3/L tí àwọn ọmọ ogun Bìrìtéènì ń gùn.

Àwọn alùpùpù tó ń rin títì ọlọ́dà tó sì tún ń wọ igbó, èyí tí ọ̀pọ̀ ń pè ní dual-sport, ni fọ́ọ̀kì yìí wá wúlò fún gan-an. Yamaha ló la ọjà wọn ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú DT-1 ti 1968, alùpùpù 250cc tó fúyẹ́, tí fọ́ọ̀kì rẹ̀ tẹ̀ lé ti Ceriani, ilé iṣẹ́ Ítálì tí àwọn eléré ìje gbẹ́kẹ̀ lé. Kawasaki gbé KLR650 jáde ní 1987. Páìpù fọ́ọ̀kì rẹ̀ fẹ̀ ní mílímítà 38, táyà sì lè rìn tó mílímítà 230 sókè sódò. Owó rẹ̀ ò ga, táǹkì rẹ̀ ń gba epo púpọ̀, ó sì lè rìnrìn àjò ọ̀nà jíjìn. Inú fọ́ọ̀kì ni wọ́n ti ṣọ́wó ná.

Tí ẹ bá tú ìdérí òkè irú fọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀, sípíríǹgì gígùn kan lẹ máa kọ́kọ́ fà jáde. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pá kan wà tí inú rẹ̀ ṣófo, tí wọ́n lu ihò kéékèèké sí nísàlẹ̀. Kí fọ́ọ̀kì tó lè wọlé, ọ́ìlì gbọ́dọ̀ gba àwọn ihò náà kọjá, ihò ò sì lè fẹ̀ tàbí kó kéré sí i. Bí ẹ bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, fọ́ọ̀kì ń wọlé jẹ́jẹ́, ọ́ìlì á rọra yọ́ kọjá, imú alùpùpù á dorí kodò. Ṣùgbọ́n bí ìyára ìwọlé bá di ìlọ́po méjì, agbára tí ihò fi ń dá ọ́ìlì dúró á di ìlọ́po mẹ́rin. Tí táyà bá wá fi eré gbá òkúta, ọ́ìlì á há bí èrò tó fẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kan jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ló máa jẹ ìyà tó kù. Fọ́ọ̀kì kan náà rọ̀ jù, ó tún le jù. Ìdí rèé tí ọ́ìlì tó ki kì í fi í tán ìṣòro náà: imú alùpùpù ò ní dorí kodò tó tẹ́lẹ̀ mọ́, àmọ́ òkúta á túbọ̀ máa dun ọwọ́.

Àwọn alùpùpù eré ìje inú ẹrẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ èyí láàárín àwọn ọdún 1980. Wọ́n fi fáàfù tí wọ́n to irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín lé lórí rọ́pò ọ̀pá oníhò. Bí ọ́ìlì bá ṣe ń tì í tó ni àwọn irin náà á ṣe tẹ̀ tó, tí ọ̀nà á fi là. Suzuki fi irú rẹ̀ sí DR-Z400S ti 2000, pẹ̀lú páìpù onímílímítà 49. Ti KLR650 ò yí padà nínú: ní 2008 Kawasaki sọ páìpù rẹ̀ di mílímítà 41, ó dín ìrìn táyà kù sí 200, ọ̀pá oníhò ṣì wà níbẹ̀. Irú ọ̀pá bẹ́ẹ̀ náà ló wà nínú Bajaj Boxer tí àwọn ọlọ́kadà ń gùn káàkiri ilẹ̀ Yorùbá.

Ẹni tó yẹ kí àwọn tí owó wọn ò pọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ jù lọ, lójú tèmi, ni Paul Thede ti ilé iṣẹ́ Race Tech ní Kalifọ́níà. Kò ní kí wọ́n lọ ra fọ́ọ̀kì tuntun. Ó ṣe fáàfù kékeré kan tí sípíríǹgì ń tẹ̀ mọ́ orí ọ̀pá oníhò náà. Mẹkáníìkì á yọ ọ̀pá jáde, á lu ihò rẹ̀ fẹ̀, ó kéré tán ihò 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó mílímítà 8, kí ọ̀pá má baà dí ọ́ìlì lọ́wọ́ mọ́. Fáàfù ló kù tó ń pàṣẹ: ihò tóóró rẹ̀ ń dá ọ́ìlì dúró nígbà tí ẹ bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì, bí òkúta bá sì gbá táyà, sípíríǹgì kékeré tó dì í mú á jáwọ́, fáàfù á ṣí. Iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni.

Síbẹ̀, fáàfù kọ́ ló yẹ kí owó kọ́kọ́ lọ sí. Sípíríǹgì tó máa ń bá alùpùpù olówó pọ́ọ́kú wá sábà máa ń rọ̀ jù fún ẹni tó sanra tàbí tó di ẹrù sẹ́yìn. Ẹ gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, kí ẹ wọn bí páìpù tó hàn síta ṣe gùn tó. Kí ẹ wá jókòó lé e pẹ̀lú gbogbo ẹrù yín, kí ẹnì kan dì í mú, kí ẹlòmíràn tún un wọ̀n. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì yẹ kó tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìrìn táyà. Lórí KLR ti 2008, bíi mílímítà 60 sí 70 nìyẹn. Bó bá fi díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, wọ́n á gé páìpù PVC lé orí sípíríǹgì kó lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Bó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ gan-an, sípíríǹgì tó le ló kù. Ẹ rà á, ẹ da ọ́ìlì tuntun sí i, ẹ pààrọ̀ síìlì tó bá ń jò, kí ẹ sì gùn ún fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ tó náwó lé fáàfù.