Àrọ́bá Nínú Ìtàn Ìjọ Àpápá àti Àjégúnlẹ̀

Bí ọmọdé kò bá ìtàn, yóò bá àrọ́bá. Àrọ́bá sì ni baba ìtàn. Ìgbà tí ìwé bá sọnù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń rántí òwe yìí, wọn a fi tu ara wọn nínú. Ṣùgbọ́n àgbà tó pa á fi àrọ́bá ṣáájú ni. Èrò tèmi ni pé ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ìjọ Áńgílíkà kan ní Àpápá tàbí Àjégúnlẹ̀, tó wá jókòó ti fáìlì bíṣọ́ọ̀bù nìkan, ìdajì ìtàn ni yóò kọ.

Ẹ wo ìwé pẹlẹbẹ tí àwọn ìjọ máa ń tẹ̀ fún àjọ̀dún: orúkọ àwọn fíkà láti ìbẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí a fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀, bíṣọ́ọ̀bù tó ya ilé sí mímọ́. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ẹni tí wọ́n rán wá ni ìwé bẹ́ẹ̀ ń sọ, kì í sọ ẹni tó ti wà nílẹ̀ tó ń retí rẹ̀. Kí míṣọ́nnárì Henry Townsend tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1842, àwọn Sàró, ìyẹn àwọn tó gbòmìnira tó padà wálé láti Sierra Leone, ti dé, wọ́n sì ti ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ oníwàásù. Ní Àpápá náà, iṣẹ́ èbúté tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1921 wà lára ohun tó kó èrò wá. Ìlàjẹ àtàwọn Yorùbá mìíràn, Ìgbò, Ìjọ̀ àti Urhobo ló kún Àjégúnlẹ̀, oníkálukú pẹ̀lú ìjọsìn tó gbé ti ilé wá. Ìwé kan wà nínú fẹ́sìrì tó mọ̀ wọ́n, ìyẹn ìwé ìrìbọmi. Bí a ti ń kọ orúkọ ọmọ àti ti òbí, bẹ́ẹ̀ náà ni a ń kọ àdúgbò tí wọ́n ń gbé àti iṣẹ́ tí baba ń ṣe. Ẹni tó bá fara balẹ̀ ka ìlà iṣẹ́ baba yẹn láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò mọ irú ènìyàn tó dá ìjọ sílẹ̀ ju bí orúkọ fíkà mẹ́wàá ti lè fi hàn án lọ.

Àwọn kan yóò ní àrọ́bá kò ṣeé gbára lé, pé ìdílé méjì lè máa jà sí ta ló kọ́kọ́ fi pálọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìsìn. Òótọ́ ni, wọ́n sì máa ń jà dáadáa. Ṣé ìwé wá dá dúró ni? Samuel Johnson, àlùfáà Áńgílíkà ní Ọ̀yọ́, gbọ́ ìtàn lẹ́nu àwọn arọ́kin, ó parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Lọ́ńdọ̀nù ni ìwé náà sọnù sí. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló tún un kọ láti inú àkọsílẹ̀ tó kù, ó sì jáde ní 1921. Ọdún yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ọba ní Lọ́ńdọ̀nù dá ẹjọ́ ilẹ̀ Àpápá tí ìjọba gbà ní 1913. Kóòtù Èkó ti ní ẹ̀tọ́ Olóyè Àmọ́dù Tìjání Olúwa lórí ilẹ̀ náà kò tó nǹkan. Ìgbìmọ̀ náà yí i padà, wọ́n ní ilẹ̀ náà jẹ́ ti Olúwa àtàwọn ènìyàn rẹ̀ lápapọ̀, kí a sì san owó rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àṣà ìbílẹ̀ ni wọ́n gbé e kà. Bí kóòtù tó ga jù lọ nígbà náà bá lè fi ohun tí baba sọ fún ọmọ dájọ́ ilẹ̀ Àpápá, ìgbìmọ̀ ìjọ tó wà lórí ilẹ̀ náà kò ní àwáwí.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí àgbà bá sọ ni kí a gbé mì o. Kí a bi ìdílé méjèèjì, kí a sì gbé ọ̀rọ̀ wọn sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ìrìbọmi àti ti ìgbéyàwó. Ibi tí wọn kò bá ti bára mu, kí a kọ ti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ̀yin wọ́dìn àti ọmọ ìgbìmọ̀, ẹ má dúró de àjọ̀dún tó ń bọ̀. Àwọn ìyá ìjọ tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.