Moyie, Ọkọ̀ Tó Sin Àwọn Abúlé Adágún Kootenay

Adágún Kootenay wà ní gúúsù ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ British Columbia ní Kánádà. Ó gùn ju 100 kìlómítà lọ, ṣùgbọ́n kò fẹ̀ púpọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹni tó dúró ní èbúté á máa rí òdìkejì omi. Òkè Selkirk há a mọ́ ní ìwọ̀-oòrùn, òkè Purcell há a mọ́ ní ìlà-oòrùn, àwọn òkè ọ̀hún sì yọ gàgàrà láti etí omi débi pé ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọn ì bá la ọ̀nà sí kò pọ̀. Ẹni tó bá ń gbé etí adágún yìí láyé ọjọ́un, omi ni títì rẹ̀. Àwọn Ktunaxa àti àwọn Sinixt, tí wọ́n ni ilẹ̀ náà láti ìṣẹ̀ǹbáyé, ti mọ èyí tipẹ́. Èèpo igi ni wọ́n fi ń ṣe ọkọ̀ wọn. Iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀ kì í gbé sókè bíi ti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n tiwa, ńṣe ló nà ṣóńṣó lọ sísàlẹ̀, tó fi ẹnu kan omi.

Nígbà tí àwọn awakùsà rí fàdákà àti òjé nínú àwọn òkè náà ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, èrò ya dé. Kaslo, ìlú kan létí adágún náà, gba àṣẹ ìlú ní 1893. Ní oṣù Kejì ọdún 1894, iná jó ìlú náà. Ní oṣù Kẹfà ọdún kan náà, omíyalé tún gbá ọ̀pọ̀ ohun tí iná ṣẹ́kù lọ. Àwọn ará Kaslo kò tìtorí èyí kó lọ. Wọ́n tún ìlú wọn kọ́, ẹ̀mí kan náà ni wọ́n sì wá fi dúró ti ọkọ̀ Moyie nígbà tó yá.

Kò sẹ́ni tó kan Moyie nítorí adágún yìí rárá. Ní 1896 ni wọ́n rí wúrà ní Klondike, ní àríwá Kánádà lọ́hùn-ún, tí gbogbo ayé bẹ̀rẹ̀ sí í sáré lọ síbẹ̀. Iléeṣẹ́ reluwé Canadian Pacific rò ó pé àwọn yóò máa kó èrò gba orí odò Stikine, kí wọ́n tó wọ reluwé tí ìjọba fẹ́ kí wọ́n là láti ibẹ̀ lọ sí adágún Teslin. Wọ́n ní kí wọ́n kan ọ̀wọ́ ọkọ̀. Iléeṣẹ́ Bertram ní Toronto ló rọ irin méjì nínú wọn, ìbejì tí wọ́n sọ ní Moyie àti Minto. Àmọ́ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àgbà kọ àbá reluwé náà ní 1898, ọ̀nà Stikine sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n bá ní kí gbégbé gbé, ibẹ̀ náà ni gbégbé ń gbé: wọ́n kó egungun Minto lọ sí àwọn adágún tí wọ́n ń pè ní Arrow Lakes, wọ́n kó ti Moyie wá sí ìlú Nelson ní adágún Kootenay, ibẹ̀ ni wọ́n ti tò ó pọ̀.

Ọjọ́ 22 oṣù Kẹwàá, 1898 ni wọ́n tì í sómi. Ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 161. Irin ni egungun rẹ̀, pákó ni wọ́n fi bò ó lára, ooru omi ló sì ń yí kẹ̀kẹ́ onípákó ńlá tó wà ní ìdí rẹ̀. Adágún náà kì í ṣe omi àmúṣeré. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ìjì gbé ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ City of Ainsworth rì, èèyàn mẹ́sàn-án sì bá a lọ. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá, kí omijé tó gbẹ lójú àwọn aráa wọn, Moyie kó èrò lọ ìrìn àjò rẹ̀ àkọ́kọ́.

Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n kọ́kọ́ gbé fún un. Ojú irin tuntun tó gba ọ̀nà àárín òkè Crowsnest kọjá dópin ní Kootenay Landing, ní ìsàlẹ̀ adágún, torí pé àpáta kò jẹ́ kó lè tẹ̀ síwájú dé Nelson. Ibẹ̀ ni èrò ti ń bọ́ sílẹ̀ nínú reluwé tí wọ́n ń wọ Moyie. Iléeṣẹ́ kò fẹ́ kí ẹni tó san owó ńlá rò pé ọkọ̀ oko ni wọ́n já òun sí, nítorí náà wọ́n ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́: yàrá ìjẹun, yàrá ọ̀tọ̀ fún àwọn obìnrin, òmíràn fún àwọn tó ń mu sìgá, wọ́n sì fi wúrà pẹlẹbẹ sí àjà.

Ògo yẹn kò pẹ́. Ní 1906 ọkọ̀ Kuskanook dé, ó tóbi jù ú, ó yá jù ú. Ní 1913 Nasookin dé, òun ló tóbi jù lọ lórí adágún náà. Wọ́n gba ọ̀nà reluwé lọ́wọ́ Moyie, wọ́n ní kó máa lọ bá àwọn abúlé òkè adágún ní àríwá: Ainsworth, Kaslo, Lardeau, Argenta, Johnsons Landing. Lójú ẹni tó ń wo ipò, ìrẹ̀sílẹ̀ ni. Lójú tèmi, ìgbà yẹn gan-an ni Moyie rí iṣẹ́ rẹ̀.

Moyie kò fi dandan nílò èbúté. Ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, kò sì rì púpọ̀ sínú omi, nítorí náà ó lè ki imú bọ etí iyanrìn. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ọkọ̀, tàbí tó ní ẹrù láti fi ránṣẹ́, á ta aṣọ funfun sórí igi létí omi. Bó bá jẹ́ òru, á dá iná. Ọ̀gákọ̀ á rí i láti inú yàrá gíga rẹ̀, á fọn fèrè, á sì yí orí ọkọ̀ sí i. Àwọn òṣìṣẹ́ á na pátákó kan sílẹ̀. Àpò lẹ́tà á sọ̀ kalẹ̀, ìyẹ̀fun àti ṣúgà á tẹ̀ lé e, bóyá màlúù kan tó ń kọ ẹsẹ̀ á tẹ̀ lé ìyẹn. Àpótí èso ápù á gòkè, aláìsàn tó ń lọ rí dókítà á gòkè. Kẹ̀kẹ́ á wá yí sẹ́yìn, iyanrìn á jọ̀wọ́ ọkọ̀, ó di ọ̀dọ̀ ẹni tó kàn. Àwọn tó ń dúró dè é lórí àpáta wọ̀nyẹn, ohun tó bá gbé wá ni wọn yóò jẹ, ohun tó bá gbé lọ ni wọn yóò fi rí owó.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1931, ojú irin fọ́ àpáta kọjá létí adágún títí dé Nelson. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ àwọn ọkọ̀ ńlá lójijì. Kuskanook fẹ̀yìn tì. Nasookin di ọkọ̀ tó ń gbé mọ́tò sọdá, títí ọkọ̀ Anscomb fi gba ipò rẹ̀ ní 1947. Lẹ́yìn náà wọ́n tú u, wọ́n sì fi òkè rẹ̀ ṣe ilé létí títì lẹ́bàá Nelson. Moyie tí wọ́n fi iṣẹ́ kékeré sílẹ̀ fún ló kù. Abúlé tí kò ní reluwé tí kò ní títì kò lè ṣe kó má ní in, àwọn tó kéré jù lọ lórí adágún ló gba ẹ̀mí rẹ̀ là. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka ìtàn ọkọ̀ yìí mọ̀ dájú.

Nígbà tó ṣe, títì ń gùn sókè díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù sì ń wọ ibi tó jẹ́ pé omi nìkan ló ń débẹ̀ rí. Ìrìn àjò Moyie dín kù sí ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Minto, ìkejì rẹ̀, fẹ̀yìn tì ní 1954. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin, 1957, Moyie náà lọ ìgbà ìkẹyìn. Kò tún sí ọkọ̀ èrò oníkẹ̀kẹ́-nídìí mìíràn tó ń ṣiṣẹ́ déédéé ní gbogbo Kánádà nígbà yẹn. Òun ló ti ilẹ̀kùn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Minto jẹ́ ká mọ oore tí Kaslo ṣe. Wọ́n ta Minto, wọ́n tú ọ̀pọ̀ nǹkan lára rẹ̀, àgbẹ̀ kan wá rà á, ó sì wà létí ilẹ̀ rẹ̀ títí bàbá náà fi kú. Nígbà tí omi ìdídò fẹ́ bo etí Arrow Lakes, wọ́n fà á lọ sí àárín omi ní 1968, wọ́n dáná sun ún. Moyie ì bá rí bẹ́ẹ̀ náà. Dọ́là kan péré ni Kaslo rà á. Wọ́n fà á gòkè sórí ilẹ̀ ní etí omi ìlú wọn, ẹgbẹ́ onítàn adágún Kootenay sì gba ìtọ́jú rẹ̀. Ní 1958, ìjọba àpapọ̀ Kánádà fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé àwọn ohun ìtàn orílẹ̀-èdè.

Ìlú tí olùgbé rẹ̀ kò ju bí 1,000 lọ ló ń ṣe èyí, pákó àtijọ́ kò sì rọrùn láti tọ́jú níbi tí yìnyín ń bọ́ lọ́dọọdún. Wọ́n ti pààrọ̀ èyí tó jẹrà, wọ́n ti tún ọ̀dà kùn ún, wọ́n ti dá wúrà àjà rẹ̀ padà. Nínú gbogbo ọkọ̀ èrò tí kẹ̀kẹ́ wọn wà nídìí láyé, wọ́n ń pè é ní èyí tó dàgbà jù lọ tó ṣì pé pérépéré. Ẹni tó bá dé Kaslo ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn lè sanwó wọlé, kó wo yàrá tí wọ́n ti ń dáná sí ẹ̀rọ, kó gòkè lọ sí yàrá ìjẹun, kó sì dúró sí ibi tí ọ̀gákọ̀ ti ń wá aṣọ funfun létí omi.