Àwọn Ère Èsìẹ́ àti Ìtàn Ẹnu

Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà kò sí ní Èkó tàbí Ìbàdàn. Èsìẹ́, ìlú Ìgbómìnà kan ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ni a dá a sílẹ̀ sí ní 1945. Ère òkúta tí ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ni a kó jọ síbẹ̀. Òkúta rírọ̀ tí ó ṣe é gbẹ́ ni a fi ṣe wọ́n, tọkùnrin tobìnrin. Ọ̀pọ̀ nínú wọn jókòó sórí àpótí, àwọn mìíràn mú ohun ìjà lọ́wọ́. Àwọn kan kọlà, wọ́n sì dirun lọ́nà àrà.

Ní 1933 ni H. G. Ramsay, alábòójútó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ C.M.S., fi ọ̀rọ̀ àwọn ère náà tó ìjọba amúnisìn létí. Bí ìwé kan bá wí pé ọdún náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò péye. Àwọn ará Èsìẹ́ ti ń bọ wọ́n ṣáájú ìgbà náà, wọ́n sì ń ṣe ọdún Ère. Ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ kan ni ó kọ́kọ́ bá wọn pàdé nínú igbó, àti pé ènìyàn ni wọ́n kí wọ́n tó di òkúta.

Ohun kan wà nínú ìtàn yìí tí kò yẹ kí òǹkàwé fojú fò. Àwọn ará Èsìẹ́ kò sọ pé baba ńlá àwọn ni ó gbẹ́ àwọn ère náà. Wọ́n ní ṣe ni àwọn bá wọn níbẹ̀. Ẹni tí ó bá ń purọ́ láti gbé ara rẹ̀ ga kò ní sọ bẹ́ẹ̀. Phillips Stevens ṣe ìwé kan lórí àwọn ère wọ̀nyí ní 1978, síbẹ̀ àwọn onímọ̀ kò tíì fohùn ṣọ̀kan lórí ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Nítorí náà, a kò lè fọwọ́ rọ́ ẹ̀rí ẹnu sẹ́yìn.

Ní Zaria, àwọn onímọ̀ ìtàn Yunifásítì Ahmadu Bello ti ń kó ìwé àfọwọ́kọ èdè Lárúbáwá jọ láti àwọn ọdún 1960. Èsìẹ́ kò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ nípa àwọn ère náà. Ohun tí ó ní ni ìwúre, orin àti ìtàn tí ó wà lẹ́nu àwòrò àti àwọn àgbà. Ògiri ilé ìṣẹ̀ǹbáyé lè dáàbò bo òkúta lọ́wọ́ òjò àti olè, ṣùgbọ́n kò lè pa ọ̀rọ̀ mọ́. Iṣẹ́ àwa onímọ̀ èdè ni láti gba àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè Ìgbómìnà gan-an, nígbà tí àwọn tí ó mọ̀ ọ́n ṣì wà láàyè.